Bí Ìyá Wa Àgbà Ṣe Kó Kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Orí àpótí ni ìyá wa àgbà dúró sí, tó ń fi òòlù gbá orígun bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ̀, gbogbo òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì sì ń dún gbàn-ìn, gbàn-ìn. Ó ti wé ìró mọ́ àyà, ó ti ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ dé ìgúnpá, eruku irin tó ti dógùn-ún sì ń já bọ́ sórí ìborùn funfun rẹ̀ bí ata gbígbẹ. Láti ìta, ariwo sípíkà àwọn tó ń ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà ń wọlé, òórùn ọ̀sà àti ti ẹja díndín ń tẹ̀ lé e. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ àpótí náà mú. Kò ní kí n dì í mú o. Mo kàn fẹ́ wà níbi tó bá wà ni.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," bàbá mi sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Àwọn tó máa kó ẹrù ń bọ̀ ní Sátidé. Àwọn ni wọ́n máa tú u."

Kò bojú wẹ̀yìn. "Orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo bí ẹ sí, àti ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ. Ọwọ́ tèmi ló máa tú u."

Ó tún gbá a, ọ̀pá irin náà yọ, ó gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì rẹ́rìn-ín. Eyín wúrà tó fi sẹ́nu bọ̀ láti Mẹ́kà tàn yànràn. Bàbá mi mi orí, ó lọ.

Ilé ẹbí ni ilé yẹn, nínú òpópónà tóóró kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí èèyàn ti lè na ọwọ́ láti fèrèsé tirẹ̀ gba iyọ̀ ní fèrèsé aládùúgbò. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀, tí ẹnì kan bá sì ń rìn lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ti mọ ẹni tó jẹ́ láti inú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún. Àmọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé ti lanu débi pé a ń rí ojú ọ̀run láti inú ilé ìdáná, tí òjò bá sì ń bọ̀, ìfòyà ni a fi ń sùn. Ẹbí ṣe ìpàdé títí, wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ náà. Oníkálukú yóò wá ibi tí yóò máa gbé. Bàbá mi ti kọ́ ilé kékeré kan sí Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni àwa ń kó lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ kó kúrò nínú ẹbí kò fara balẹ̀ rárá. Wọ́n da ẹrù sínú ọkọ̀ bí ẹni tí iná ń lé, wọ́n sì fi garawa fífọ́, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan àti kàlẹ́ńdà tó ti pọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ìyá wa àgbà wọ yàrá wọn, ó wo ìdọ̀tí náà, ó pòṣé. Ó mú ọwọ̀, ó gbá yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó wò mí.

"Ọkọ mi, kò sẹ́ni tó ń lé wa o. Kíkó là ń kó lọ. A máa kó bí èèyàn gidi."

Bí àwọn ìyá àgbà ìgbà yẹn ṣe máa ń pe ọmọ-ọmọ wọn obìnrin nìyẹn, ọkọ mi. Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo máa ń ga sí i.

Aṣọ ló tà ní Ìdúmọ̀tà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí orúnkún tó ní kó jókòó sílé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. Ọjọ́ tí a lọ wá páálí ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ìyá tó ń fi àṣẹ́kù ẹ̀bà rẹ̀ fún mi jẹ́ èèyàn ńlá láàárín àwọn èèyàn. A ò tíì wọ àárín ọjà dáadáa tí mo fi ń gbọ́ "Àlhájà wa! Àlhájà wa dé!" láti ọ̀tún àti òsì. Àwọn obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ ń kúnlẹ̀ fún un láàárín èrò. Àwọn alábàárù tí kì í dúró fún ẹnikẹ́ni gbé ẹrù orí wọn yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Ẹ máa kọjá, Màmá." Wọ́n fún wa ní páálí tẹlifíṣàn, páálí mílíìkì, páálí bàtà, wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́ kó dúpẹ́ púpọ̀. Mo ru tèmi délé, ọrùn mi gùn bíi ti lékelèké, nítorí mo mọ̀ pé gbogbo ọjà ló ń wo ọmọ-ọmọ tó ń tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa kún fún ariwo bébà àti òórùn àpótí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí: tùràrí, aṣọ àtijọ́, àti àwọn hóró funfun tí wọ́n fi ń lé kòkòrò. Ó kọ́ mi pé ohun tó wúwo ni í lọ sísàlẹ̀. Ó kọ́ mi láti fi ìwé ìròyìn wé abọ́ tánganran, kí n sì to wọ́n ní òòró. "Má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mú un dúró. Tó bá dúró, gbágungbàgun ọ̀nà ò ní fọ́ ọ." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ìdí ẹrù tí kò fi ní tú lójú ọ̀nà, tí ọwọ́ kan sì lè tú u tí a bá délé. Tí mo bá so ó burú, kì í bá mi wí. Á kàn tú u, á sì gbé okùn náà padà lé mi lọ́wọ́.

Ó ti ya àwọn àjákù aṣọ tó kù nínú ọjà rẹ̀ àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń so wọ́n mọ́ ẹrù kí oníkálukú lè mọ yàrá tó máa gbé e sí. Pupa ni ti ilé ìdáná. Funfun ni ti Kùránì rẹ̀, ẹní ìkírun rẹ̀ àti kẹ́tùrù àlùwàlá. Yẹ́lò ni ti bàbá àti ìyá mi, àwọ̀ ewé ni ti àwa ọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, ó ń rìn láàárín ẹrù, ó ń fọwọ́ kan wọn. Ó dúró.

"Màmá, ta ló ni aláwọ̀ búlúù?"

"Ti Ìyá Ìjẹ̀ṣà ni."

Láti ìsàlẹ̀, a ń gbọ́ máṣínnì ìránṣọ Ìyá Ìjẹ̀ṣà, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Ayálégbé ni Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Yàrá tó wà lábẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkọ rẹ̀ sì kú síbẹ̀. Gbogbo àwọn ayálégbé yòókù ti lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, débi pé ẹnu ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń mọ ọ̀nà lórí aṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ti gba ọ̀nà Líbíà lọ kí n tó mọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi," bàbá mi ní. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Yàrá mẹ́ta ló wà nínú ilé yẹn. Ibo la máa fi wọ́n sí?"

"Yàrá tèmi."

"Wọn kì í ṣe ẹbí wa, Màmá. Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ńkọ́?"

"Ṣé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkòròdú ni?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná, ó sì yára wúkọ́ lé e. Àmọ́ ìyá wa àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àjákù aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí bàbá ẹ kú, tí mo wà nínú opó, tí mi ò lè jáde, ta ló ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà mi? Yúnífọ́ọ̀mù tí o wọ lọ sí ilé-ìwé, ta ló rán an? Ṣé ó bi mí bóyá ẹbí òun ni mí?"

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn wá bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, kí yàrá má bàa há jù." Ó sì mú àjákù aṣọ búlúù kan nílẹ̀, ó so ó mọ́ páálí tó ṣẹ́ kù tí kò tíì ní àwọ̀. Mo rí i lójú ìyá wa àgbà pé inú rẹ̀ dùn sí ọmọ tó bí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé Ìyá Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀ máa kọ̀.

A bá a nínú yàrá rẹ̀, ó ń tẹ etí ìró kan. Àwọn ẹrù rẹ̀ yòókù tí ìyá wa àgbà ti bá a dì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ti rò pé ńṣe ni Àlhájà ń ràn án lọ́wọ́ láti palẹ̀mọ́. Nígbà tó gbọ́ pé Ìkòròdú ni, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣínnì.

"Àlhájà, ẹ ṣeun. Olúwa á bá mi san án fún yín. Àmọ́ mi ò lè lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì ti ní kí n wá máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Kí ló dé?"

"Tí ọmọ mi bá dé ńkọ́?" Ó ń fi ọwọ́ pa etí ìró náà bí ẹni pé ó fẹ́ kó tẹ́ sí i. "Ilé yìí nìkan ló mọ̀. Tó bá dé tí kò bá mi, ibo ló fẹ́ gbà?"

Ìyá wa àgbà jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìpè ìrun Alásárì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti mọ́sáláṣí, ó sì dún parí. Bàbá mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ní bóyá kí a kọ ibi tí à ń lọ sára ògiri.

"Ògiri wo? Èyí tí wọ́n fẹ́ wó?" ìyá wa àgbà dá a lóhùn. Ó wá yíjú sí Ìyá Ìjẹ̀ṣà. "Tó bá dé, ṣé ilé ló máa dá a lóhùn ni, àbí èèyàn?"

"Èèyàn ni, Àlhájà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n kírun. Wọ bàtà ẹ, o máa bá mi jáde."

Mo tẹ̀ lé wọn. Ìyá wa àgbà di ọwọ́ Ìyá Ìjẹ̀ṣà mú láàárín òpópónà, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, ó sì ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ kó ọjà. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni a kọ́kọ́ yà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbóná, ó ń rùn fún èédú àti sítáàṣì, ó sì ń lọ agbádá aláràn-án kan.

"A ń kó lọ sí Ìkòròdú," ìyá wa àgbà ní. "Tí ọmọ Ìyá Ìjẹ̀ṣà bá dé, tó ń wá ìyá rẹ̀, kí lo máa sọ fún un?"

"Màá ní ẹ ti kó lọ sí Ìkòròdú."

"Ìkòròdú tóbi. Sọ pé lẹ́yìn ọjà, ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Kó béèrè Àlhájà Ìsàlẹ̀ Èkó. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó sọ ọ́. Ó gbàgbé géètì. Ìyá wa àgbà ní kó tún un sọ. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlhájà, ó dà bí ẹni pé mo wà ní ilé kéú," àmọ́ ó tún un sọ, ó sì pé.

"Kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ náà. Tí ìwọ náà bá máa kúrò níbí lọ́jọ́ kan, fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kó o tó lọ. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. A dé ọ̀dọ̀ ladánì mọ́sáláṣí, ó ní òun á kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí gbogbo èèyàn gbọ́. A dé ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣaájì fóònù fún aráàlú. A rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì Ìyá Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀nà Igbóṣere. Ìyá wa àgbà dúró nínú ọgbà ibẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ń kí àwọn ìyá ìjọ bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Níbi tí a kọ́kọ́ yà sí, Ìyá Ìjẹ̀ṣà ń wọ́ ẹsẹ̀, ó kàn ń mi orí. Ní ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kún un, pẹ̀lú àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́: lẹ́yìn ọjà, géètì aláwọ̀ ewé, Àlhájà Ìsàlẹ̀ Èkó.

Lójú ọ̀nà tí à ń padà bọ̀, ó bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Àlhájà, fèrèsé yàrá yẹn, ibo ló kọjú sí? Mi ò lè ránṣọ nínú òkùnkùn o."

"Ìlà oòrùn," ìyá wa àgbà ní. Kò tíì dé Ìkòròdú rí. Nígbà tí a délé, ó lọ bá bàbá mi ní kọ̀rọ̀, ó bi í léèrè ibi tí fèrèsé náà kọjú sí.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn wọ òpópónà, ìyá wa àgbà kò sì tíì ṣe tán. Ó ti gbé ọṣẹ, ó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fọ pẹ́tẹ́ẹ̀sì láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, omi dúdú ń ṣàn jáde sí ojúde. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá kó ẹrù wò ó tìyanu-tìyanu.

"Màmá, ṣé wọn ò ní wọ́n fẹ́ wó ilé yìí ni?"

"Wọ́n fẹ́ wó o. Èmi ni mo gbé inú rẹ̀."

Ó fọ̀ ọ́ tán. Ó wẹ̀, ó wọ léèsì aláwọ̀ wúrà tó máa ń wọ lọ́jọ́ Iléyá, ó fi tìróò lé ojú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, àwọ̀ lóríṣiríṣi ń fẹ́ lára wọn, kò sí ohun tó fọ́, kò sí ohun tó kù. Àwọn aráàdúgbò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú orúkọ wọn, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn, ó sì dárí ji ẹnì kan tí wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kò sunkún. Ó gun iwájú ọkọ̀, ó jókòó ṣámúṣámú. Ìyá Ìjẹ̀ṣà jókòó tì í, ó gbé orí máṣínnì rẹ̀ lé itan, ó kọ̀ láti jẹ́ kó wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé orí afárá, tí ọ̀sà tẹ́ lọ bẹẹrẹ lábẹ́ wa, mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí ẹni tó máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Orúkọ tó gbé lọ náà, Àlhájà Ìsàlẹ̀ Èkó, ni wọ́n ń pè é ní Ìkòròdú. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn méjèèjì gbé yàrá kan, ọ̀kan ń kírun, ìkejì ń kọrin ìsìn, wọ́n sì ń bára wọn jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Mo ti wọ ilé-ìwé girama nígbà tí géètì dún ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Mo ṣí i. Ọkùnrin kan tó ti rù ló dúró síbẹ̀, ètè rẹ̀ ti là, àpá sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun ń wá Àlhájà Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀wà ni ìyá wa àgbà ń ṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ọkùnrin náà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"O pẹ́," ó ní. "O pẹ́ púpọ̀. Bọ́ bàtà ẹ, ìyá ẹ wà nínú yàrá."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, àwa tó wà níta kàn gbọ́ ọ ni: máṣínnì tó dákẹ́ lójijì, ìgbe kan, lẹ́yìn náà orin ìsìn tí kò ní àárín, tí kò ní ìparí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nídìí iná. Bàbá mi jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí ọkùnrin náà jẹun tán, ó ròyìn bó ṣe rí wa. Ó ní nígbà tí òun dé òpópónà wa, òun rí ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin níbi tí ilé wà. Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọdébìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ló wà nítòsí, òun sì kàn bi í, láìretí nǹkan kan, pé ǹjẹ́ ó mọ ìyá aránṣọ kan tó ti gbé ibẹ̀ rí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ sọ̀ igbá omi kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìjẹ̀ṣà? Wọ́n ti kó lọ sí Ìkòròdú. Lẹ́yìn ọjà, géètì aláwọ̀ ewé, ẹ béèrè Àlhájà Ìsàlẹ̀ Èkó."

Ọmọ yẹn kò rí ìyá wa àgbà rí. A ò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ìyá wa àgbà gbọ́ ọ, ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀wà rẹ̀. "Èèyàn dáadáa ló wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó," ó ní, bí ẹni pé òun kò ṣe nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Ìjẹ̀ṣà bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Iléṣà lẹ́yìn ọyẹ́ yẹn, ibẹ̀ ló sì gbé títí Ọlọ́run fi pè é. Ìyá wa àgbà ti lọ báyìí náà, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ mi kì í dúró tí mo bá kọjá ní ojúde ilé wa àtijọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn kò mọ̀ mí.

Ní ọdún tó kọjá, ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oníkan kó lọ sí òdìkejì afárá. A ṣe ìpàdé lórí tábìlì, lórí kọ̀ǹpútà, lórí ẹni tí fèrèsé máa kàn. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tú ká, mo na ọwọ́ sókè, mo bèèrè bóyá ẹnì kan ti sọ fún ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ibi tí à ń lọ, àti ọ̀nà tó máa máa gbà dé ibẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un. Ọ̀gá mi kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní a máa wá ọkọ̀ tó máa máa gbé e. Ó wá wò mí, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú ìrònú bẹ́ẹ̀, ṣé yunifásítì ni.

Mo ní, "Rárá o, sà. Ilé wa ni." Mo sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn náà lè gbọ́.